Láàárín agbábọ́ọ̀lù àti ẹgbẹ́, ta ni ọ̀dàlẹ̀?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ kan ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi, kò sì fẹ́ tán. Ọ̀rọ̀ Trent Alexander-Arnold ni. Liverpool gbà á láti kékeré, wọ́n tọ́ ọ, wọ́n sọ ọ́ di èèyàn ńlá, ló bá jẹ́ kí ìwé àdéhùn rẹ̀ máa tán lọ lọ́dún 2025, ó sì gba Real Madrid lọ. Mo ní ọ̀dàlẹ̀ ni. Wọ́n ní iṣẹ́ ni bọ́ọ̀lù, pé ẹni tó bá ń wá ìdúróṣinṣin nínú bọ́ọ̀lù ayé ìsinsìnyí, kó yáa lọ sùn. Ẹ bá wa dá sí i. Ṣé ìdúróṣinṣin ṣì wà láàárín agbábọ́ọ̀lù àti ẹgbẹ́ rẹ̀, àbí àwa olólùfẹ́ la kàn ń tan ara wa jẹ?

* * *

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti ń dùn yín gan-an. Lílọ tó lọ kọ́ ló ń dùn yín, lílọ tó lọ láìmú owó gidi wọlé ni. Ká ní Madrid kó ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù pọ́n-ùn sílẹ̀ nítorí rẹ̀ ni, ẹ ó bínú fún ọjọ́ méjì, ní ọjọ́ kẹta ẹ ó ti máa ka orúkọ àwọn tí wọ́n lè fowó náà rà.

Ọmọ yìí wọ ẹgbẹ́ àgbà ní 2016. Ó bá wọn gba Champions League ní 2019, ó bá wọn gba líìgì ní 2020, ó tún bá wọn gbà á ní 2025 kó tó jáde. Ohun tó fọwọ́ sí nínú ìwé, ó ṣe é. Madrid tiẹ̀ tún san owó díẹ̀ fún Liverpool kó lè tètè débẹ̀ fún ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé ti àwọn ẹgbẹ́. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n gbàlejò Arsenal ní Anfield nínú oṣù karùn-ún ọdún yẹn, bó ṣe wọlé láti orí bẹ́ǹṣì ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í hó lé e lórí. Gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ti kan ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń hó. Bẹ́ẹ̀ oṣù kan kò tíì pé tí wọ́n gba líìgì yẹn.

Mi ò ní kí ẹ má bínú. Àmọ́ kí èèyàn bínú sí ẹnì kan yàtọ̀ sí kó pè é lọ́dàlẹ̀. Ọ̀dàlẹ̀ ní ilẹ̀ tó dà. Ilẹ̀ wo ni ẹni tó parí àdéhùn rẹ̀ dà?

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ ni pé ó yẹ kó kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé tuntun, kí ẹgbẹ́ wá tà á, kí wọ́n lè rí nǹkan mú. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo Harry Kane. Ní 2018, ó fọwọ́ sí ìwé ọdún mẹ́fà ní Tottenham. Ní 2021, ó fẹ́ lọ sí Manchester City, ìròyìn tó sì gbòde nígbà náà ni pé ó gbà pé òun àti alága ti jọ sọ ọ́ lẹ́nu pé òun lè lọ. Wọn ò kọ ọ́ síbì kankan. Alága kò gbà kó lọ. Ó di oṣù kẹjọ 2023, nígbà tí ìwé rẹ̀ ku ọdún kan péré, kó tó rí Bayern lọ, lẹ́yìn tó ti jẹ góòlù igba ó lé ọgọ́rin fún Tottenham. Ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé gígùn ti kó kọ́kọ́rọ́ fún onílé. Ó lè jẹ́ onílé rere. Ìyẹn kù sọ́wọ́ onílé.

* * *

Ẹnì kan fèsì pé àwọn agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ kì í fò kiri báyìí, pé ìfẹ́ ẹgbẹ́ ló wà lọ́kàn wọn.

Ìfẹ́ kẹ̀? Títí di 1961, òfin wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé agbábọ́ọ̀lù kankan kò gbọ́dọ̀ gbà ju ogún pọ́n-ùn lọ lọ́sẹ̀, ì báà jẹ́ òun ló mọ̀ ọ́n gbá jù láyé. Èyí tó tún burú ni pé bí ìwé àdéhùn ẹni bá tán, ẹgbẹ́ lè di orúkọ rẹ̀ mú síbẹ̀. Kò ní lè gbá fún ẹlòmíì, wọ́n sì lè má san kọ́bọ̀ fún un. George Eastham ní òun fẹ́ kúrò ní Newcastle, wọ́n ní kò síbi tó ń lọ. Ó pa bọ́ọ̀lù tì, ó lọ ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tajà títí wọ́n fi jẹ́ kó lọ sí Arsenal ní 1960. Ní 1963 ni ilé ẹjọ́ tó sọ pé ìdènà tí wọ́n ń fi òfin yẹn ṣe kò tọ̀nà.

Ti Yúróòpù yòókù tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1990, ìwé àdéhùn Jean-Marc Bosman tán ní Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù. Wọ́n ní kó fọwọ́ sí tuntun tí owó rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó ń gbà tẹ́lẹ̀. Ó kọ̀. Dunkerque ní ilẹ̀ Faransé fẹ́ ẹ, Liège bu owó lé e, ọ̀rọ̀ sì dà rú. Kò ní àdéhùn lọ́dọ̀ wọn mọ́ o, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń tà á! Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kejìlá 1995 ni ilé ẹjọ́ àpapọ̀ Yúróòpù tó dá a láre, ìgbà yẹn sì ni bọ́ọ̀lù tirẹ̀ ti bàjẹ́ tán. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ló ń jẹ èrè ẹjọ́ náà.

Ẹran tí wọ́n so mọ́ òpó, ẹnì kan kì í yìn ín pé ó mọ ìdúró. Kí ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ ná, ká wá wo ẹni tó jókòó.

* * *

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo àwọn tó jókòó.

Ní 2006, wọ́n já Juventus sí ìpele kejì nítorí ọ̀rọ̀ màgòmágó tó jáde nípa àwọn adájọ́ orí pápá. Cannavaro àti Emerson gba Madrid lọ. Zambrotta àti Thuram gba Barcelona lọ. Ibrahimovic àti Vieira lọ bá Inter, alátakò wọn gan-an. Àwọn tó dúró: Del Piero, Buffon, Nedved, Trezeguet, Camoranesi. Ẹ rántí pé Buffon, Del Piero àti Camoranesi ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé pẹ̀lú Ítálì nínú ẹ̀rùn yẹn ni. Kò sí ẹgbẹ́ tí kò ní gbà wọ́n. Wọ́n lọ ń gbá bọ́ọ̀lù ní àwọn pápá kéékèèké, Del Piero ló sì jẹ góòlù jù lọ ní ìpele kejì lọ́dún náà, ogún góòlù. Ọdún kan péré ni wọ́n lò níbẹ̀ tí wọ́n fi padà sókè.

Ìyẹn ni mò ń pè ní ìdúróṣinṣin: èyí tó ná ẹni tó ń ṣe é ní nǹkan. Kí balógun tó ń gba owó tó pọ̀ jù, tí gbogbo ìlú ń ké sàn-án sí, fẹnu ko àmì ara jẹ́ẹ̀sì lẹ́yìn góòlù, kí nìyẹn ná an?

Ẹ wá wo ohun tó tẹ̀ lé e. Nínú oṣù kẹwàá 2011, níbi ìpàdé àwọn tó ní ìpín nínú ẹgbẹ́, ààrẹ tuntun, Andrea Agnelli, dìde, ó ní sáà yìí ni Del Piero máa lò kẹ́yìn. Ààrẹ ló sọ ọ́, Del Piero kọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un níbẹ̀, ó sì bọ́ sí i pé wọ́n gba líìgì lọ́dún náà kó tó lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ pé ó lọ nígbà tó wù ú.

Ẹ má tíì sọ pé Juventus da Del Piero. Níbí ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ààrẹ tó wà níbẹ̀ ní 2006, tó mọ ohun tí ọkùnrin yẹn kọ̀ sílẹ̀ kó tó tẹ̀ lé wọn lọ sísàlẹ̀, kọ́ ló wà lórí àga ní 2011. Ẹgbẹ́ kì í ṣe èèyàn. Kò ní ọkàn, kò ní iyè inú. Àwọn tó ń ṣe é lọ́wọ́ ló ní iyè inú, wọn kì í sì í pẹ́ níbẹ̀.

* * *

Wọ́n ní mo ti le jù, pé àwọn ẹgbẹ́ kan wà tó ń ṣe dáadáa sí ọmọ wọn. Òótọ́ ni. Kí ni Nwankwo Kanu ìbá wí? Ní 1996 ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àwọn ọmọ Nàìjíríà gba àmì ẹ̀yẹ wúrà Òlíńpíìkì, Inter sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á lọ́wọ́ Ajax, ni àwọn dókítà bá rí i pé ọkàn rẹ̀ kò dára. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó máà gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Massimo Moratti tó ni Inter kò tì í síta. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Cleveland ní Amẹ́ríkà, wọ́n dúró dè é títí ó fi padà sórí pápá, kó tó wá lọ sí Arsenal ní 1999. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó fi ẹsẹ̀ yẹn ṣe níbẹ̀.

Àmọ́ ẹ wo bí mo ṣe kọ ọ́: Moratti. Orúkọ èèyàn ni.

Ẹ jẹ́ kí n gbé òdìkejì rẹ̀ kalẹ̀. Jonás Gutiérrez ń gbá fún Newcastle nígbà tí wọ́n rí àrùn jẹjẹrẹ lára kórópọ̀n rẹ̀ ní 2013. Ó wà nínú ìwé rẹ̀ pé tó bá bẹ̀rẹ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì ọgọ́rin, ọdún kan máa lé sí àdéhùn rẹ̀. Nígbà tí àìsàn yẹn dé, wọn ò lò ó mọ́. Ó gba ìtọ́jú, ó padà. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn sáà ní 2015, ẹgbẹ́ náà wà létí àtijá, ọkùnrin yìí ló gbé bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi jẹ àkọ́kọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì jẹ èkejì. Wọn ò já mọ́. Láìpẹ́ sí ìgbà náà, akọ́nimọ̀ọ́gbá pe Ryan Taylor tí wọ́n jọ ń gbá lórí fóònù pé wọn ò ní tún ìwé rẹ̀ ṣe. Ó wá ní kí Taylor gbé fóònù náà fún Jonás, kóun sọ fún òun náà. Orí fóònù ẹlòmíì ló ti gbọ́ ọ. Ní 2016, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ sọ pé ẹgbẹ́ náà fi àìsàn rẹ̀ rẹ́ ẹ jẹ.

Nígbà tí ìyẹn ṣẹlẹ̀, mi ò rántí pé pápá kankan hó lé ẹgbẹ́ lórí tó bí wọ́n ṣe máa ń hó lé agbábọ́ọ̀lù.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Mo gbá bọ́ọ̀lù nígbà èwe mi, ní ẹgbẹ́ kékeré kan tí mi ò ní dárúkọ. Balógun wa ti pẹ́ níbẹ̀ ju gbogbo wa lọ. Ó ti kọ ẹgbẹ́ tó tóbi jùyẹn nítorí alága sọ fún un pé, "Ilé rẹ nìyí, ibí lo máa ti di akọ́nimọ̀ọ́gbá." Alága yẹn lọ, ẹlòmíì dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá tá a ti ń múra. Balógun dúró síwájú ìwé yẹn, ó ń fi ìka tọ orúkọ kọ̀ọ̀kan látòkè délẹ̀, ó tún padà sókè. Ẹni tó ń bójú tó jẹ́ẹ̀sì ló gbé báàgì rẹ̀ wá bá a, kò wo ojú rẹ̀. Alága tuntun kò parọ́ fún un o, torí kò ṣèlérí kankan fún un.

* * *

Ẹnì kan béèrè pé ṣé àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ń yanṣẹ́ lódì náà tọ̀nà, bí irú Alexander Isak tó kọ̀ láti gbá fún Newcastle ní 2025.

Rárá o. Mi ò bá wọn lọ́wọ́ sí ìyẹn. Tó o bá ń gba owó ọ̀sẹ̀, lọ sí pápá ìgbáradì. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí Isak sọ: ó ní wọ́n ti ṣèlérí fún òun. Newcastle fèsì pé kò sí aláṣẹ ẹgbẹ́ kankan tó ṣèlérí pé ó lè lọ. Ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì máa sọ òótọ́! Láàárín ìgbà tó débẹ̀ sí ìgbà yẹn, àwọn ọ̀gá tó ń bá a sọ̀rọ̀ ti ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ló ṣèlérí, ta ló sì kù láti mú un ṣẹ? Liverpool gbà á níkẹyìn ní ọgọ́fà ó lé márùn-ún mílíọ̀nù pọ́n-ùn.

Tí ẹ bá máa bá a wí, ẹ bá Napoli náà wí. Victor Osimhen jẹ góòlù mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ní líìgì tí wọ́n fi gba ife ní 2023, èyí tí wọn ò rí gbà láti 1990. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó gbá pẹnáritì nù, ojú ìwé TikTok ẹgbẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ sì gbé fídíò jáde tí wọ́n fi ń ṣe é ní yẹ̀yẹ́. Ní ẹ̀rùn 2024, wọn ò rẹ́ni rà á ní iye tí wọ́n fẹ́. Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn tó máa gbá líìgì, wọ́n gba nọ́ńbà kẹsàn-án tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì gba Galatasaray lọ bí ẹni tí wọ́n yá lò. Òun náà kì í ṣe ẹni tó rọrùn, mo gbà. Ṣùgbọ́n kí agbábọ́ọ̀lù kọ̀ láti gbá, ìyanṣẹ́lódì ni. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ láti lo agbábọ́ọ̀lù nítorí kó lè gbà láti lọ, wọ́n ní "ètò" ni. Ẹyẹ kì í fi apá kan fò.

* * *

Ọ̀rọ̀ owó ni ọ̀pọ̀ nínú yín fò kọjá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ìdí abájọ.

Ìkíní. Ní England, owó tí agbábọ́ọ̀lù máa gbà fún fífọwọ́ sí ìwé, wọ́n máa ń pín in sí ọdún àdéhùn náà ni. Tí ẹgbẹ́ bá tà á, wọ́n máa san èyí tó kù fún un. Tí òun bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé pé kí wọ́n ta òun, ó pàdánù rẹ̀. Owó ìdúróṣinṣin ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é. Nítorí rẹ̀ ni ẹ kì í fi í rí ìwé, òfófó ni ẹ máa ń gbọ́: "ó jọ pé inú rẹ̀ kò dùn," "aṣojú rẹ̀ ti lọ sí Madrid." Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan. Owó tó yẹ kó mú kí wọ́n máa sọ òótọ́ síra wọn ló ń kọ́ wọn ní àbòsí.

Èkejì ló burú jù lójú mi. Tí ẹgbẹ́ bá ra èèyàn ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù fún ọdún márùn-ún, ogún mílíọ̀nù ni wọ́n máa ń kọ sínú ìwé ìṣirò lọ́dọọdún. Tí wọ́n bá tà á lẹ́yìn ọdún méjì, ọgọ́ta ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ kí wọ́n tó ka èrè. Ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé ńkọ́? Òdo ló wà lọ́rùn rẹ̀. Gbogbo owó tí wọ́n bá tà á ni èrè. Òfin Premier League títí di òpin sáà 2025 sí 2026 sì ni pé àdánù ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ ju mílíọ̀nù márùndínláàádọ́fà pọ́n-ùn lọ láàárín ọdún mẹ́ta. Ẹ fi méjèèjì pa pọ̀, ẹ ó rí i pé ọmọ ilé lẹni tó rọrùn jù láti tà.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ Conor Gallagher. Kékeré ló ti wà ní Chelsea, òun ló ń ṣe balógun fún wọn lọ́pọ̀ ìgbà ní sáà 2023 sí 2024. Nínú oṣù kẹjọ 2024, wọ́n ti gbà láti tà á fún Atlético. Ó ti wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Madrid, wọ́n ti yẹ ara rẹ̀ wò, ó wà ní hòtẹ́ẹ̀lì, ni títa ẹlòmíì tí Atlético fẹ́ fi dí owó yẹn bá forí ṣánpọ́n. Wọ́n ní kó máa padà bọ̀ ní London. Ó padà, ó sì ń retí ìgbà tí wọ́n máa rí nǹkan mìíràn tò kó tó lè lọ. Ọmọ tí kò bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ta òun o.

Nígbà tí ẹ bá sọ pé "wọ́n tọ́ ọ láti kékeré," ẹ rántí pé àwọn tó ń ṣírò owó náà ń sọ ọ́. Wọ́n kàn ń fi í sọ nǹkan mìíràn ni.

* * *

Ẹnì kan ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó yẹ kí olólùfẹ́ dákẹ́ nìyẹn?"

Ta ló ní kí ẹ dákẹ́? Ẹ̀yin nìkan ni ẹ ò fọwọ́ síwèé kankan, tí ẹ sì wà níbẹ̀ ṣáájú ààrẹ, tí ẹ ó wà níbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin ni iyè inú ẹgbẹ́ yẹn. Ẹ hó, ṣùgbọ́n ẹ hó lé ẹni tó yẹ. Ẹni tó parí ìwé rẹ̀ tó sì gbá bọ́ọ̀lù dé ọjọ́ tó kẹ́yìn, tí ẹ bá fẹ́, ẹ má pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹni tó jókòó sílé tó ń gba owó, ẹ hó lé e. Ẹgbẹ́ tó gba nọ́ńbà lẹ́yìn èèyàn láti fi lé e lọ, ẹ hó lé àwọn náà, kódà bí inú yín kò bá dùn sí agbábọ́ọ̀lù ọ̀hún.

* * *

Ìbéèrè ìkẹyìn tí mo máa dáhùn, torí òun ló kan èèyàn gidi. Ẹnì kan ní àbúrò òun jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ẹgbẹ́ kan gbé ìwé ọdún márùn-ún síwájú rẹ̀, wọ́n ní kó má ṣàníyàn, pé ìdílé kan náà ni wọ́n.

Lákọ̀ọ́kọ́, òfin FIFA kò gba ẹni tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún láàyè láti fọwọ́ sí ju ọdún mẹ́ta lọ. Tí wọ́n bá ní márùn-ún, bóyá wọn ò mọ òfin, bóyá wọ́n rò pé ẹ̀yin ni ẹ ò mọ̀ ọ́n. Kò sí èyí tó dára nínú méjèèjì. Ẹ wá agbẹjọ́rò tí kì í ṣe ẹgbẹ́ ló mú un wá. Gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ lẹ́nu, "a máa jẹ́ kó lọ tí ẹgbẹ́ ńlá bá dé," ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́, kí wọ́n kọ iye rẹ̀ sí i. Ẹ béèrè ẹni tó máa sanwó ìtọ́jú tó bá fara pa, àti bóyá owó oṣù rẹ̀ máa dínkù tí ẹgbẹ́ bá já. Tí wọ́n bá jẹ ẹ́ ní owó oṣù méjì, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀wé sí wọn, kó fún wọn ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí wọn ò bá sì san án, ó lè tú ìwé yẹn ká. Òfin FIFA náà nìyẹn, láti 2018.

Ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ sí i lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e wá. Kó gbé ẹ̀dà kan lọ sílé kà ná.